Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà Ju Èje Lọ: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Ìlànà Larson àti Miller fún Ìṣírò Ọjọ́ Ayé Irin Inú Ìgbóná

Àṣamọ̀

Láti ọdún 1952 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń lo ìlànà Larson àti Miller láti ṣírò iye wákàtí tí irin tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìgbóná ńlá yóò lò kí ó tó já. Bí ìlànà náà ṣe gbajúmọ̀ tó, àwọn tó ń lò ó kì í sábà bi í ní ìbéèrè tí lámèyítọ́ máa ń bi ìwé: kí ni ó sọ, kí ni ó fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, kí sì ni ó dákẹ́ lé lórí? Iṣẹ́ yìí fi ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí yẹ ìlànà náà wò. A fi ìṣírò tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe hàn pé nọ́ńbà kan ṣoṣo tí a bá yàn lè sọ nǹkan bí wákàtí 20,000 di 170,000. A sì lo ìtàn irin P92, tí ìwọ̀n ìfà tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un lọ sílẹ̀ láti 123 MPa sí 113 MPa, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Èrò wa ni pé ìlànà náà wúlò, ṣùgbọ́n ìwúlò rẹ̀ dúró lórí ohun kan tí kò lè sọ fúnra rẹ̀: bóyá ohun tó ń pa irin ní wákàtí 1,000 náà ni yóò pa á ní wákàtí 100,000.

1. Ìfáárà

Àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ lámèyítọ́ kì í ṣe bíbu ẹnu àtẹ́ lu òǹkọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe yíyìn ín láìnídìí. Lámèyítọ́ a máa ka iṣẹ́ ní àkàtúnkà kí ó lè mọ ohun tí iṣẹ́ náà sọ, ohun tó gbé e ró, àti ohun tó fi pamọ́. Kò sí ìdí tí a kò fi lè fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì. Fọ́múlà náà ní òǹkọ̀wé. Ó ní ìgbà tí wọ́n kọ ọ́, ó ní àwọn tí wọ́n kọ ọ́ fún, ó sì ní àwọn ohun tó gbà gbọ́ láìjiyàn.

Fọ́múlà tí a yàn fún àyẹ̀wò ni ti F. R. Larson àti James Miller, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde nínú ìwé àtẹ̀jáde ASME, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ náà, ní ọdún 1952. Ìdí tí a fi yàn án ni pé ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀mí àti owó sì rọ̀ mọ́ ọn. Páìpù tó ń gbé ooru omi láti inú bọ́ílà lọ sí tọ́báìnì ní ilé-iṣẹ́ amúnáwá lè gbóná tó 540°C. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ ìgbàlódé, ó ń tó 600°C. Ooru omi inú rẹ̀ sì ń tì í láti inú síta lọ́sàn-án lóru. Wákàtí 100,000 ni òdiwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò fún ọjọ́ ayé irú páìpù bẹ́ẹ̀. Èyí já sí ọdún mọ́kànlá àti oṣù díẹ̀ láìsinmi. Ọ̀pọ̀ ló sì ń retí kí ó lò tó wákàtí 200,000.

Kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè fi ọdún mọ́kànlá dán irin tuntun wò kí ó tó rà á. Nítorí náà, wọ́n máa ń fi ìgbóná tó ga jù tàbí ẹrù tó wúwo jù dán an wò fún oṣù díẹ̀ tàbí ọdún díẹ̀, wọn a sì fi ìṣírò dé ibi tí àyẹ̀wò kò dé. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó pe irú ìṣírò bẹ́ẹ̀ ní ìnàgà, nítorí pé ẹni tó ń nàgà ń na ọwọ́ sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Àwọn àgbà sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ẹni tó ka ení, èjì títí dé ẹ̀fà, kí ló fún un láṣẹ láti sọ pé òun mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà?

2. Bí irin ṣe ń fà, tó sì ń já

Bí a bá gbé ẹrù kọ́ irin tútù, tí ẹrù náà kò sì ju agbára rẹ̀ lọ, irin náà yóò dúró bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Nínú ìgbóná ńlá, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹrù tí kò tó nǹkan, tí kò lè já irin náà lójú ẹsẹ̀, yóò máa mú un gùn sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi já. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. A ó pe ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ní ìfàgùn díẹ̀díẹ̀. Iye wákàtí láti ìgbà tí a gbé ẹrù kọ́ irin títí di ìgbà tó já ni a ó pè ní ọjọ́ ayé irin. Ìwọ̀n ìfà ni a ó sì pe agbára tó ń fa irin bí a bá pín in sórí fífẹ̀ ojú irin náà. MPa ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Andrade ti ṣe àkọsílẹ̀ ìṣesí yìí láti ọdún 1910. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń pín in sí. Ní ìpele kìíní, irin a kọ́kọ́ fà kíákíá, lẹ́yìn náà a rọra. Ní ìpele kejì, a máa fà ní ìwọ̀n kan náà fún ìgbà pípẹ́. Ní ìpele kẹta, ìfàgùn náà a bẹ̀rẹ̀ sí í yára, ihò tíńtìntín a yọ nínú irin, àwọn ihò náà a so pọ̀ di sísán, irin a sì já. Ohun tó yẹ kí òǹkàwé dì mú níbí ni pé jíjá irin kì í ṣe ohun tó ṣàdédé ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ó ní ìtàn, ìtàn náà sì lè yí padà lójú ọ̀nà.

3. Ohun tí Larson àti Miller sọ

Larson àti Miller kò dá èrò wọn sílẹ̀ láti inú òfo. Ní ọdún 1945, Hollomon àti Jaffe ti fi hàn pé, nígbà tí a bá ń tún irin líle yan kí ó lè rọ̀ díẹ̀, àkókò àti ìgbóná lè rọ́pò ara wọn. Ẹni tó ń se ẹ̀wà mọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: bí iná bá pọ̀, àkókò a dín kù, bí iná bá kéré, àkókò a gùn. Larson àti Miller mú èrò yìí kúrò nínú yíyan irin, wọ́n gbé e wá sórí jíjá irin. Fọ́múlà wọn nìyí:

P = T (C + log t)

T ni ìwọ̀n ìgbóná ní Kelvin, ìyẹn Celsius tí a fi 273 kún. Ọjọ́ ayé irin ní wákàtí ni t, ìdí 10 sì ni log náà ń lò. C jẹ́ nọ́ńbà tí kì í yí padà. Wọ́n ní 20 dára tó fún ọ̀pọ̀ irin. Ohun tí fọ́múlà náà ń sọ ni pé, bí ìwọ̀n ìfà kò bá yí padà, P kò ní yí padà, ìgbóná ìbáà lọ sókè tàbí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe àlàyé. Ká ní a gbé ẹrù kan kọ́ irin ní 650°C, tó jẹ́ 923 K, tó sì já lẹ́yìn wákàtí 1,000. Log 1,000 jẹ́ 3. Nítorí náà, P jẹ́ 923 lọ́nà 23, ìyẹn 21,229. Bí a bá fẹ́ mọ iye wákàtí tí irin náà yóò lò lábẹ́ ẹrù kan náà ní 600°C, tó jẹ́ 873 K, a ó fi 873 pín 21,229, a ó rí 24.317. Bí a bá yọ 20 kúrò, ó ku 4.317. Èyí jẹ́ nǹkan bí wákàtí 20,800. Àyẹ̀wò tí kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin.

4. Ibi tí iṣẹ́ náà ti yẹ fún ìyìn

Lámèyítọ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka iṣẹ́ sí ìgbà rẹ̀. Ní 1952, kò sí kọ̀ǹpútà lórí tábìlì ẹnikẹ́ni. Rúlà ìṣírò àti ìwé gíráàfù ni onímọ̀ ẹ̀rọ ní lọ́wọ́. Larson àti Miller fún un ní ìlà kan ṣoṣo tó lè kó gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní oríṣiríṣi ìgbóná jọ sójú kan. Ẹ̀bùn ńlá ni èyí. Ohun tó rọrùn láti lò tún rọrùn láti yẹ̀ wò, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè tọ ìṣírò náà lẹ́sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyìn kejì ni pé fọ́múlà náà kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ílà ní ẹ̀kọ́ tí ojú lásán kò lè kọ́ni. Ká ní páìpù kan wà tí ọjọ́ ayé rẹ̀ jẹ́ wákàtí 100,000 ní 600°C. P rẹ̀ jẹ́ 873 lọ́nà 25, ìyẹn 21,825. Bí ìgbóná rẹ̀ bá fi 10°C péré ga sí i, tó di 883 K, ìṣírò yóò fún wa ní nǹkan bí wákàtí 52,000. Ìwọ̀n mẹ́wàá péré ti jẹ ìdajì ọjọ́ ayé páìpù. Ẹni tó mọ èyí kò ní fojú kéré irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná. Abájọ tí ìwé ìlànà API 530, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìfọpo ń lò fún páìpù inú iná ìléru wọn, fi ṣì gbé ìṣírò rẹ̀ karí ìlànà Larson àti Miller títí di òní.

5. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó

Àkíyèsí wa àkọ́kọ́ dá lórí nọ́ńbà C. Ó wà nínú fọ́múlà bí ẹni pé kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n òun ló di gbogbo ẹrù lé orí. Ẹ jẹ́ kí a padà sí àpẹẹrẹ wa. Bí a bá fi 30 rọ́pò 20, P jẹ́ 923 lọ́nà 33, ìyẹn 30,459. Ọjọ́ ayé irin náà ní 600°C di nǹkan bí wákàtí 77,600. Bí a bá lo 36, tó jẹ́ irú nọ́ńbà tó máa ń jáde nígbà tí wọ́n bá ní kí àyẹ̀wò irin tó ní chromium 9 nínú 100 yan C fúnra rẹ̀, ó di nǹkan bí wákàtí 171,000. Irin kan náà ni, àyẹ̀wò kan náà ni, ẹrù kan náà ni. Àyẹ̀wò náà kò yí padà rárá, síbẹ̀ ìdáhùn ti di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹni tó ní ọdún méjì àti ẹni tó ní ọdún mọ́kàndínlógún jọ ń pe ara wọn ní ọmọlẹ́yìn Larson àti Miller.

Kì í ṣe lónìí ni àwọn ènìyàn ti rí àlébù yìí. Ní ọdún 1953, ọdún kan péré lẹ́yìn tí fọ́múlà náà jáde, Manson àti Haferd kọ̀wé láti tako ó. Bí a bá ya àwọn ìlà Larson àti Miller sórí gíráàfù, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ pàdé ní ojú kan ṣoṣo tí C yàn fún wọn. Manson àti Haferd ní àyẹ̀wò kò fara mọ́ ọn pé ibẹ̀ ni ìlà wọ̀nyẹn ń pàdé. Ní 1954, Orr, Sherby àti Dorn gbé èyí tí ìlà rẹ̀ kì í pàdé rárá kalẹ̀. A ṣàkíyèsí pé àwọn tó ta ko fọ́múlà náà fi fọ́múlà mìíràn dípò rẹ̀ ni. Wọn kò bi í bóyá ìlà kan ṣoṣo lè gbé ìtàn irin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ibẹ̀ ni àkíyèsí wa kejì ti wá, òun ló sì wúwo jù. Fọ́múlà náà dákẹ́ lórí ohun tó ń pa irin. Ó gbà láìjiyàn pé ohun tó já irin ní wákàtí 1,000 nínú ìgbóná ńlá náà ni yóò já a ní wákàtí 100,000 nínú ìgbóná tó kéré sí i. Bí èyí bá jẹ́ òótọ́, àkókò àti ìgbóná lè rọ́pò ara wọn. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, ìnàgà náà ti di àlá. Ẹ̀wà tí a fi iná ńlá sè fún wákàtí kan lè jinná bí èyí tí a fi iná kékeré sè fún wákàtí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ̀wà sílẹ̀ nínú omi lílọ́ wọ́rọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kíkan ni yóò kan, kò ní jinná. Ohun mìíràn ti gba ọ̀nà wọlé, ìṣírò ìjinná kò sì lè sọ nípa kíkan.

6. Ẹ̀rí láti ara irin P92

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àròjinlẹ̀ lásán ni èyí, ẹ jẹ́ kí a wo irin P92. Ní Japan ni wọ́n ti ṣe é, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní NF616. Ó jẹ́ àbúrò P91, tí wọ́n ṣe ní Oak Ridge ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1970 sí 1980. Àwọn méjèèjì ní chromium tó tó 9 nínú 100, pẹ̀lú molybdenum, vanadium, niobium àti nitrogen díẹ̀. P92 tún ní tungsten. Vanadium àti niobium máa ń so pọ̀ mọ́ nitrogen àti carbon di wóró tí ojú kò lè rí. Àwọn wóró yìí fọ́n káàkiri inú irin bí èèkàn, wọn kì í sì jẹ́ kí irin yọ̀ lábẹ́ ẹrù. Àwọn ni wọ́n gbé irin náà ga ju àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Ní Yúróòpù, wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé P92 lè gba ìwọ̀n ìfà 123 MPa fún wákàtí 100,000 ní 600°C kí ó tó já. Ní 2005, ìgbìmọ̀ ECCC ní Yúróòpù, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkó àbájáde àyẹ̀wò ìfàgùn díẹ̀díẹ̀ jọ, tún ìṣírò ṣe pẹ̀lú àyẹ̀wò tó gùn sí i. Iye tí wọ́n rí jẹ́ 113 MPa. Ní Japan pẹ̀lú, ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ọ̀rúndún yìí, wọ́n dín ìwọ̀n ìfà tí òfin gbà fún P91, P92 àti P122 kù.

Ẹni tó bá wo 123 àti 113 lè sọ pé ìyàtọ̀ mẹ́wàá kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ayé irin kì í tẹ̀lé ìwọ̀n ìfà ní ìṣísẹ̀ kan náà. Bí a bá ṣe ìṣírò pé ọjọ́ ayé ń yí padà gẹ́gẹ́ bí agbára kẹjọ ìwọ̀n ìfà, èyí tí kì í ṣe àṣejù fún irú irin yìí, páìpù tí wọ́n ya fún 123 MPa yóò lo ìdajì péré nínú iye wákàtí tí wọ́n retí. Irin tí wọ́n ní yóò lo ọdún mọ́kànlá lè já ní ọdún kẹfà.

Kí ló fa àṣìṣe yìí? Kì í ṣe pé àwọn onímọ̀ náà kò mọ ìṣírò. Ìlà wọn gba àárín àwọn àmì àyẹ̀wò kọjá dáadáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé inú irin yí padà lẹ́yìn ibi tí ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò wọn ti parí. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí, àwọn wóró tíńtìntín tó dà bí èèkàn a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́; àwọn wóró ńlá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Z-phase a sì jẹ vanadium, niobium àti nitrogen tó yẹ kó dúró nínú wọn. Èèkàn ńlá díẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ èèkàn kéékèèké púpọ̀. Bí chromium bá sì ṣe pọ̀ tó ni Z-phase ṣe ń yára yọ. Ìdí nìyí tí àwọn irin tó ní chromium 11 tàbí 12 nínú 100, tí wọ́n ṣe kí ìpẹtà má baà tètè bà wọ́n jẹ́, fi já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀ nígbà tí àyẹ̀wò wọn gùn.

Nípa báyìí, C tó ń jáde láti inú àyẹ̀wò kúkúrú máa ń ga ju èyí tó ń jáde láti inú àyẹ̀wò gígùn lọ. A sì ti rí i nínú àpẹẹrẹ wa pé bí C bá ga, ọjọ́ ayé a gùn lórí ìwé. Àṣìṣe náà kì í lọ sọ́tùn-ún sósì. Ìhà kan ṣoṣo ló ń kọjú sí, ìhà tó léwu.

7. Àwọn tó fẹ́ tún un ṣe

A ó yẹ ọ̀nà mẹ́ta wò ní ṣókí. Èkíní ni ti Wilshire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Swansea ní Wales, láti nǹkan bí ọdún 2007. Wọ́n fi agbára tó ń já irin lójú ẹsẹ̀ ní ìgbóná kan náà pín ìwọ̀n ìfà. Wọ́n ní àyẹ̀wò tí kò ju nǹkan bí wákàtí 5,000 lọ tó láti sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní 100,000. Ìlànà wọn mọ́ ju ti Larson àti Miller lọ ní ọ̀nà kan: ó gbà pé ìlà náà lè ṣẹ́ sí méjì níbi tí ìṣesí irin ti yí padà. Ìbéèrè wa ni pé, ta ni yóò sọ ibi tí ìlà ti ṣẹ́ bí àyẹ̀wò kò bá tíì dé ibẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé àyẹ̀wò gígùn ni yóò fi ibẹ̀ hàn wá, àyẹ̀wò kúkúrú nìkan kò tó nìyẹn.

Èkejì ni ti Kimura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní NIMS, ilé ìwádìí ìjọba ní Japan. Wọ́n ní kí a má da gbogbo àyẹ̀wò pọ̀. Àwọn tí ìwọ̀n ìfà wọn ju ìdajì agbára tí irin fi ń tẹ̀ láìpadà sípò lọ, kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí a fi àwọn tó wà nísàlẹ̀ nìkan ṣe ìnàgà. Èyí ni a kà sí àtúnṣe tó lọ́gbọ́n nínú jù. Kò sọ Larson àti Miller nù. Ó kàn sọ fún un ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tẹ́wọ̀n. Ìdajì tí wọ́n yàn ní ìdí nínú ìṣesí irin, kì í ṣe nínú bí ìlà ṣe rẹwà tó. Ohun tí wọ́n san fún un ni pé àyẹ̀wò tó kù lọ́wọ́ wọn kéré, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún láti kó jọ.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe fọ́múlà rárá. Òun ni òfin tí ECCC àti àwọn mìíràn ń tẹ̀lé, pé kí ẹnikẹ́ni má nàgà ju ìlọ́po mẹ́ta àyẹ̀wò rẹ̀ tó gùn jù lọ. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wákàtí 100,000 gbọ́dọ̀ ní àyẹ̀wò tó lé ní 33,000 lọ́wọ́. Òfin yìí kò lẹ́wà lójú onímọ̀ ìṣírò, ṣùgbọ́n ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni sùúrù wà. Ní Japan, láti 1966 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àkójọ àyẹ̀wò gígùn tó wà lábẹ́ NIMS lónìí. Àyẹ̀wò irin kan tí wọ́n gbé kọ́ ní 1969 ní 400°C ti lé ní wákàtí 356,000 ní 2011, tó fi gba ipò èyí tó gùn jù lágbàáyé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Siemens ti Jámánì. Àwọn tó gbé ẹrù náà kọ́ kọ́ ni wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ yẹn. Lónìí tí àwọn ènìyàn ń lo kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ láti ṣírò ọjọ́ ayé irin, irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà náà ń jẹ. Bí àyẹ̀wò gígùn kò bá sí nínú oúnjẹ rẹ̀, òun pẹ̀lú yóò ka ẹ̀fà tán ni, yóò sì méfò èje.

8. Bó ṣe kàn wá ní Nàìjíríà

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kàn wá nínú irin Japan àti Yúróòpù. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Egbin ní Ìkòròdú, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985, ní bọ́ílà àti tọ́báìnì mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 220 MW. Ooru omi ló ń yí wọn. Ilé-iṣẹ́ ìfọpo ní Kàdúná, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1980, ní ìléru tí páìpù rẹ̀ ń gbé epo gbígbóná. Irin tó wà nínú irú àwọn ilé-iṣẹ́ báyìí ti dàgbà. Ìbéèrè tó kàn fún ẹni tó ń tọ́jú wọn ni iye ọjọ́ tó kù fún irin náà. Bí ó bá pààrọ̀ páìpù tó ṣì lágbára, ó fi owó ṣòfò. Bí ó bá fi èyí tó ti rẹ̀ sílẹ̀, òṣìṣẹ́ tó dúró nítòsí rẹ̀ ló fi sínú ewu.

Níbí yìí, àkíyèsí kẹta wọlé. Fọ́múlà Larson àti Miller gbà pé ìgbóná àti ẹrù kò yí padà láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn. Ní ilẹ̀ tí gbogbo wáyà iná orílẹ̀-èdè ti máa ń ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà, ilé-iṣẹ́ amúnáwá a máa kú lójijì, a sì máa jí. Nígbàkígbà tó bá kú, páìpù a tutù, a sún kì. Nígbà tó bá jí, a gbóná, a fẹ̀. Fífẹ̀ àti sísún kì yìí a máa ba irin jẹ́ lọ́nà tirẹ̀, ó sì tún ń ran ìfàgùn díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí àyè fún un nínú T tàbí t. Ẹni tó bá ka wákàtí iṣẹ́ nìkan, tí kò ka iye ìgbà tí ẹ̀rọ kú tó sì jí, ti fo ojú ìwé nínú ìtàn irin rẹ̀.

Bákan náà ni ojú ibi tí àwọn wẹ́dà ti jó páìpù pọ̀. Irin kékeré tó mọ́, tó sì dọ́gba ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ojú ìjópọ̀, níbi tí iná ti dé ṣùgbọ́n tí irin kò yọ́, máa ń rọ̀ ju ibi yòókù lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ a sì kúrú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé-iṣẹ́ amúnáwá rí ẹ̀yà P91 tó sán níbẹ̀ ṣáájú kí ó tó pé wákàtí 100,000. Ìṣírò tó bá gbàgbé iṣẹ́ wẹ́dà ń ṣírò irin tí kò sí nínú ilé-iṣẹ́ kankan.

Àwa olùkọ́ pẹ̀lú ní ìpín tiwa. Ìbéèrè ìdánwò tí a sábà máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ni pé kí ó fi nọ́ńbà sínú fọ́múlà kí ó sì mú ìdáhùn jáde. A kì í bi í pé kí ó sọ ibi tí fọ́múlà náà ti dákẹ́. Èdè wa pẹ̀lú ń kó bá wa. Àwọn tó ń túmọ̀ irú iṣẹ́ yìí sí Yorùbá máa ń lo ìsọtẹ́lẹ̀. Ìsọtẹ́lẹ̀ kì í ní ààlà; ẹni tó gbọ́ ọ gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́. Ìnàgà ni a dá lábàá nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ yóò béèrè lójú ẹsẹ̀ pé, báwo ni ọwọ́ rẹ ṣe jìnnà sí i tó?

9. Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti ka fọ́múlà Larson àti Miller bí a ṣe ń ka ìwé. A rí i pé ó rọrùn, ó ṣeé yẹ̀ wò, ó sì kọ́ni ní ẹ̀kọ́ tòótọ́ nípa bí ìgbóná ṣe ń jẹ ọjọ́ ayé irin. A tún rí i pé ó gbé ẹrù tó pọ̀ jù lé nọ́ńbà kan lórí, ó dákẹ́ lórí ohun tó ń pa irin, kò sì mọ̀ nípa ẹ̀rọ tó ń kú tó ń jí. Ìtàn P92 fi hàn pé ìdákẹ́jẹ́ yìí ní iye tí wọ́n ń san fún un.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí ẹnikẹ́ni tó bá lo ìlànà yìí kọ nǹkan mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn rẹ̀: àyẹ̀wò rẹ̀ tó gùn jù, C tó lò àti ibi tó ti rí i, ìlọ́po tó fi nàgà, àti bóyá ojú ìjópọ̀ wà nínú irin tó yẹ̀ wò. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ wa máa kọ ìgbóná gidi sílẹ̀ ní wákàtí dé wákàtí, pẹ̀lú iye ìgbà tí ẹ̀rọ kú. Kí àwa olùkọ́ sì máa fi ìbéèrè ààlà kún ìbéèrè ìṣírò nínú ìdánwò. Ìdáhùn tí kò bá sọ ibi tí òun parí sí kò tíì pé, bí nọ́ńbà rẹ̀ tilẹ̀ tọ̀nà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ojú òun mọ.